Imú Ni Mo Gbà Fẹ́yàwó

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí agogo fi lù. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo bí, ìyá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò lójú, bóyá ó máa ṣẹ́jú sí wọn. Àfáà kan ní Ìsúndùnrin fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n jẹun, kí n sùn. Bí ẹ̀yin náà ò bá gbà, ó ti mọ́ mi lára. Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ ni pé àwọn ọkùnrin tó kù, ẹnu ọ̀nà ilé àna ni wọ́n máa ń gbà wọlé lọ fẹ́yàwó. Èmi, imú ni mo gbà. Imú tèmi yìí náà, tí kì í ṣe imú ńlá.

Ìgbà náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Ọ̀yọ́ ni, àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí wa ṣì ń ṣi ìpínlẹ̀ kọ sẹ́yìn àpò ìwé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀jìgbò. Ọmọ ìlú Ara ni mí, ṣùgbọ́n mo gba yàrá kan sójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ojú ọ̀nà yẹn náà sì ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń gbé. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ.

Bàbá Àbíjàn ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ẹrù ní Kódífúà, láti Àbíjàn dé Buàké, kí wọ́n tó padà wálé, kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n sì gbé àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó síbẹ̀, pákò lẹ́nu, wọ́n á máa gba ìkíni.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Bọ̀ǹjúù."

Èdè Faransé tí wọ́n kó bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ oko, ẹni tó ń lọ ọjà, ẹni tó ń sáré mọ́tò Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò sẹ́ni tó ń fo ibẹ̀ kọjá. Èmi tí mo fẹ́ mú ọmọ wọn, ìdọ̀bálẹ̀ tèmi ló máa ń gùn jù. Eruku ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ló máa ń wà lórí táì mi dé kíláàsì. Bàbá Àbíjàn sì ti gbà fún wa: bí Iléyá bá ti kọjá, kí àwọn ènìyàn mi wá.

Ṣé ẹ rí i, nígbà yẹn gan-an ni orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Mo lo oògùn ibà. Ó tún fọ́ mi, mo tún lo oògùn ibà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí àìsàn kan nílẹ̀ wa tí kì í kọ́kọ́ jẹ́ ibà. Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọlu nǹkan. Ewúrẹ́ á kàn yọ sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni jábọ́ láti òkè. Mo fi èjìká gbá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá wa fi bi mí bóyá mo bá ilẹ̀kùn náà jà. Mo tàpá sí ọpọ́n gaàrí lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá tó ni ín káwọ́ lérí.

"Tíṣà, ṣé gaàrí tèmi ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò rí i."

"Ẹ ò rí ọpọ́n tó tó báyìí. Ṣé ìṣirò wá ti mu yín lójú ni?"

Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà mi ló tún yà mí lẹ́nu. Bí a bá jọ ń rìn nírọ̀lẹ́, ó máa wà lọ́wọ́ òsì mi, a ó sì máa sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, mo rò pé ó ti yà sílé ẹnì kan ni. Màá dúró, màá bojú wẹ̀yìn.

"Tíṣà, ta lẹ ń wá?"

"Ìwọ ni."

"Èmi rèé."

"Ìgbà wo lo débẹ̀?"

"Láti ilé ni. Àbí ẹlòmíì lẹ bá jáde?"

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mí, wọn ò kàn sọ ni. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ò gbọ́n, kó wá bi mí. Kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí pín sí mẹ́ta. Àwọn tó mọ ìṣirò wà láàárín, wọ́n jókòó fẹ̀ǹfẹ̀. Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, ẹni mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, nítorí wọ́n ti rí i pé Tíṣà kì í pe ẹni tó bá jókòó níbẹ̀. Èmi rò pé atẹ́gùn ojú fèrèsé ni wọ́n ń wá. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n pé wọ́n dákẹ́.

Ẹ ó bi mí pé, ìwọ alára ò mọ̀? Mi ò mọ̀. Ohun tí ojú ò bá rí, kì í sọ fún ni pé òun ò rí i. Kò ṣókùnkùn, kò dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ayé kàn ń ká kúrò lọ́tùn-ún lósì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ká ẹní, èmi sì wà láàárín, mo ń rò pé ẹní ṣì tẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wá, oòrùn àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àbíjàn. Wọ́n gbé àga wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e wá sábẹ́ igi ìṣin tó wà létí ọ̀nà, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó súnmọ́ ọ̀nà débi pé ẹni tó bá ń kọjá lè gbọ́ bí pákò ṣe ń ró lẹ́nu wọn. Ní tèmi, bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń wò. Mo wò ó, ó ṣófo. Mo ní Bàbá ò tíì ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo kọjá.

Ọjọ́ kejì, ó tún ṣófo. Mo kọjá.

Ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò rí ẹnì kankan. Mo ní ará ilé ni. Mo kọjá.

Kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ojú yín pé. Ẹ rò pé inú ọkàn ni ìkíni ti ń wá. Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú á rí àgbà, á ta ọrùn lólobó, ọrùn á yí, ẹ̀yìn á tẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀gbẹ́ ojú mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ilé bọ́ ọ láti kékeré, àgbà kàn máa di igi létí ọ̀nà fún un ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, àfẹ́sọ́nà mi wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, kí ni Bàbá mi fi ṣe yín?"

"Bàbá? Mi ò tiẹ̀ rí wọn láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣé wọ́n rìnrìn àjò ni?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Láàárọ̀ yìí, ẹ tẹ Bàbá mi lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ sì ń súfèé lọ."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà, pẹ̀lú táì yín. Bàbá ní àwọn ò lọ́mọ tí àwọn máa fún ẹni tí ìgbéraga ti gùn. Wọ́n ní ẹni tó ń tẹ àna lẹ́sẹ̀ kó tó fẹ́yàwó, orí ni yóò máa tẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yín má wulẹ̀ wá mọ́."

Mo rántí pé mo tẹ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà lóòótọ́. Gbòǹgbò igi ìṣin ni mo pè é.

Mo búra, mo ṣàlàyé, kò wọ̀ ọ́ létí tán. Ohun tó kù ni kí n lọ wá àgbà tó máa bá mi bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ara ló kù tí mo ń pè ní bàbá. Bàbá Ara ni kí n máa pè wọ́n nínú ìtàn yìí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ìbàdí ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Màá bá ọ bẹ̀ wọ́n," ni Bàbá Ara wí nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ láti Ara, "ṣùgbọ́n ìwọ lo máa dọ̀bálẹ̀. Bí ìbàdí tèmi yìí bá kan ilẹ̀ lónìí, igi ni ẹ máa fi gbé mi padà."

A dé ilé Bàbá Àbíjàn lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ká wọlé. Bàbá Ara ló ṣáájú, wọ́n yà sọ́wọ́ òsì, wọ́n wá àga jókòó. Èmi wọlé tẹ̀lé wọn. Níwájú mi gan-an, mo rí àga ńlá kan, mo rí agbádá funfun, mo rí fìlà lókè rẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín ni mí. Bí mo bá rí yín tí mi ò kí yín, kí ojú mi má ríran mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wojú Ọlọ́run, Bàbá."

Wọn ò dáhùn. Mo tún bẹ̀. Mo fi ti bàbá mi tó ti kú bẹ̀ wọ́n, mo fi ti Iléyá tó ń bọ̀ bẹ̀ wọ́n. Gbogbo ilé dákẹ́, àfi ẹnì kan tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín nínú ọ̀nà ilé, mo sì mọ ohùn ẹ̀rín yẹn. Bàbá Ara wá fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn gún mi ní ẹsẹ̀.

"Ta lò ń bẹ̀?"

"Bàbá ni, sà."

"Agbádá lò ń bẹ̀. Wọ́n sá a sórí àga kó lè gbẹ ni."

Mo gbé orí sókè. Agbádá ni lóòótọ́. Wọ́n fi fìlà kọ́ orí àga. Bàbá Àbíjàn alára wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi aṣọ nù wọ́n lójú kọjá. Mo ní ó tán. Mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé wọn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Àbíjàn ò bínú. Wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹjú mọ́ mi bí awakọ̀ ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì tí ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ jẹ́ kó dìde," ni wọ́n wí. "Gbé àpótí yẹn. Jókòó síwájú mi."

Mo jókòó. Wọ́n yọ pákò ẹnu wọn, wọ́n yọ òmíràn lápò.

"Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ọkọ̀ ẹrù ní Kódífúà, dókítà kan yẹ ojú mi wò. Ó ní kí n wo imú òun. Ó wá ń fi ohun ìkọ̀wé méjì bọ̀ láti ẹ̀yìn etí mi. Ó ní awakọ̀ tí kò bá rí ẹ̀gbẹ́, apànìyàn ni. Ó yá, wo imú mi. Má wo ibòmíì. Bí o bá ti rí pákò, sọ̀rọ̀."

Mo wo imú wọn. Mo wò ó dáadáa. Mo lè ya àwòrán rẹ̀ dòní. Mo dúró, mo dúró, ó sú mi.

"Bàbá, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ tí àwọn tó wà nínú yàrá mí kanlẹ̀.

"Pákò ti wà lẹ́bàá etí ẹ láti àárọ̀," ni Bàbá Ara wí, ohùn wọn sì ti yí padà.

Bàbá Àbíjàn rọra ń fa pákò méjèèjì bọ̀ níwájú. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kan imú ara wọn ni mo tó rí i: méjèèjì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí etí ilẹ̀kùn méjì tó fẹ́ pàdé.

"Ọmọ yìí ò gbéraga," ni wọ́n wí. Wọ́n kó pákò sápò. "Ẹ̀gbẹ́ ni ò sí lójú ẹ̀. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Buàké ṣe báyìí. Ó ń gbá nǹkan lọ́tùn-ún lósì, à ń sọ pé ó mutí. Nǹkan ló ń hù sí i nínú orí. Ìgbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn, ojú ti lọ tán." Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Mo bú ọ, ọmọ mi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Lọ́la, a ń lọ."

Bàbá Ara, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, bi wọ́n pé, "Ṣé ìyàwó wa ti wá padà sọ́wọ́ wa nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ojú rẹ̀. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí kò ní rí i tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọjọ́ tó bá rí mi, tó kí mi láì yí ọrùn, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ gbà á."

"Bàbá," ni ohùn kan wí láti ọ̀nà ilé, "bí wọn ò bá wá rí yín ńkọ́? Èmi á fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ò bá rí ẹ̀gbẹ́, kò lè rí ìyàwó kejì."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Àbíjàn tí ìyàwó wọn jẹ́ mẹ́ta.

Dókítà ojú ní Òṣogbo ló yẹ̀ mí wò, tó kọ ìwé, tó ní ká máa lọ sí Ìbàdàn láìdúró. Àwa mẹ́rin la lọ: Bàbá Àbíjàn, Bàbá Ara, àfẹ́sọ́nà mi, àti èmi tí wọ́n ń dì mú lápá bí àgbò Iléyá. Wọ́n gbé mi wọnú ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán inú orí, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ pè wá. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, èyí tó ń dẹ́rù bà mí.

Òun náà fẹ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú mi wò. Abẹ́rẹ́ kan tó ní orí pupa ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀, àwọn dókítà ọ̀dọ́ sì ti sọ tiwọn nù. Ó ń tú dúrọ́ọ̀ kan dé òmíràn. Àfẹ́sọ́nà mi tọ́wọ́ bọ àyà bùláòsì rẹ̀ níbi tó máa ń fi abẹ́rẹ́ aránṣọ há sí, ó yọ ọ̀kan.

"Ṣé irú èyí ni, sà?"

Dókítà gbà á, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi yẹ̀ mí wò tán, ó bi wá pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ojú mi ti lọ.

"Èmi ni," ni Bàbá Àbíjàn wí.

"Kí lẹ fi mọ̀, Bàbá?"

"Pákò méjì."

"Ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́ dókítà?"

"Ojú ọ̀nà Buàké."

Dókítà náà pe àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ní kí Bàbá ṣe é kí wọ́n rí i. Ẹ ò rí bí Bàbá Àbíjàn ṣe tún agbádá ṣe.

Dókítà wá ya àwòrán fún wa lórí ìwé. Ó ní okùn méjì ló ń gbé ìran láti ojú lọ sẹ́yìn ọpọlọ, pé wọ́n ń dábùú ara wọn kọjá níbì kan, lábẹ́ ọpọlọ, lókè ẹ̀yìn imú. Níbi ìdábùú yẹn gan-an ni kókó kan hù sí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó kàn ń dàgbà jẹ́jẹ́ ni, ó ń ti ìdábùú náà láti ìsàlẹ̀. Àwọn okùn tó ń ríran sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń tẹ̀. Ó ní irú kókó yìí kì í wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ fi ń tò wá wò mí, oníkálukú pẹ̀lú ìka méjì. Èmi tí wọ́n ní mo gbéraga, mo wá di ẹni tí à ń tò wò lóòótọ́.

"Báwo lẹ ṣe máa yọ ọ́?" ni Bàbá Ara bèèrè. "Ṣé ẹ máa la orí ọmọ mi ni?"

"Rárá, Bàbá. Imú la máa gbà."

Bàbá Ara dìde pẹ̀lú ìbàdí wọn. "Imú wo?"

"Imú rẹ̀."

"Imú tó fi ń fọn ikun? Ibẹ̀ lẹ fẹ́ gbà dé ọpọlọ?"

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣé òrùlé ló máa ń ṣí?"

Bàbá Ara rò ó títí. Wọ́n jókòó. "Bó bá jẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà," ni wọ́n wí, "mo ti gbọ́."

Àmọ́ dókítà náà ò tàn wá. Ó ní yíyọ ni òun mọ̀, pé ti ìran, Ọlọ́run ló mọ̀. Okùn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́, ó lè padà, ó lè padà díẹ̀, ó sì lè má padà. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ èyí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, àfẹ́sọ́nà mi gbé àga rẹ̀ wá síwájú mi gan-an, kò fi sí ẹ̀gbẹ́. Ó gbé e súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún wa fi kan ara wọn.

"Ẹ wò mí dáadáa," ló wí.

Mo wò ó. Ilà ojú rẹ̀, etí rẹ̀ tí yẹtí kan ti bọ́ kúrò, òwú kékeré tó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.

"Ó tó," ló wí. "Ẹ má wò mí tán. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀túnla."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n máa kà. Tíṣà ìṣirò ni mí, mi ò lè kàn máa ka ení, èjì. Mo ní kí n ka ìlọ́po méje. Méje, mẹ́rìnlá, mọ́kànlélógún. Mi ò mọ ohun tó tẹ̀lé e, títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo jí tí wọ́n ti di imú mi pa pẹ̀lú báńdéèjì, tí ojú mi wú, tí mò ń fi ẹnu mí bí ẹja orí ilẹ̀. Mo rí iná, mo rí òjìji, mo sùn padà.

Wọ́n jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, gbé orí bẹ́ẹ̀dì mi sókè. Ó wọn ìtọ̀ mi nínú ìgò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ òfin: mi ò gbọdọ̀ fọn imú. Bí mo bá fẹ́ sín, kí n la ẹnu. Mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mi ò gbọdọ̀ tẹ orí wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Mo ń wo aago ara ògiri tó wà níwájú mi. Ibẹ̀ ni nǹkan funfun kan ti mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ó dà bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú ọyẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mi ò yí ọrùn. Mo ń wo aago náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni mo wí. Ohùn mi dà bí ti ẹni tó wà nínú kàǹga.

Nǹkan funfun náà dúró. "Apá ibo ni mo wà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, sà. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn."

"Kí ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Pákò."

"Mélòó?"

"Ọ̀kan. Èkejì wà lẹ́nu yín."

"Lọ́wọ́ òsì ńkọ́?"

"Bàbá Ara ni. Wọ́n di ìbàdí mú."

Bàbá Àbíjàn wá jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú. "Bọ̀ǹjúù, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ẹ wò ó, ara ò gbàgbé nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi ti rí àgbà, ó ti ta ọrùn lólobó. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan tì mí padà sórí ìrọ̀rí.

"Ẹ tẹ orí yẹn wálẹ̀, kí omi ọpọlọ yín gba imú jáde. Ẹ ń gbọ́ mi? Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù yìí."

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Àbíjàn wí, ẹ̀rín ti ń yọ létí ètè wọn, "ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ tèmi ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò kí mi. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, agbádá mi ló gbà á. A sì ti sọ ọ́ pé ọjọ́ tó bá rí mi ni àwọn ènìyàn rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ gba ìyàwó."

Gbogbo wa kàn wo Bàbá Ara. Bàbá Ara wo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, wọ́n wo òrùlé. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn fún aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n fi orúnkún kan kanlẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n fi èkejì kanlẹ̀. Ó kan ọwọ́, ó kan àyà, títí tí bàbá mi fi nà gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, tí àwọn aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù sì ń kí wọn kú orí ire.

"Ẹ̀yin àna wa," ni wọ́n wí láti ilẹ̀, "ọmọ wa ti rí yín. Àwa náà ti rí òdòdó kan nínú ọgbà yín. Ẹ jẹ́ ká já a."

"Ó tó," ni Bàbá Àbíjàn wí. "Mo ti fún yín. Ẹ dìde."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá wa dá a sí."

"Àmín. Ẹ dìde."

"N ò lè dìde."

Nọ́ọ̀sì sáré yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ó di apá kan mú. Ó ku apá kejì. Mo ṣì kọjú sí aago nígbà tí mo rí ìyàwó mi tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ olórí pupa láyà bùláòsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá nọ́ọ̀sì gbé Bàbá Ara dìde.